Bí ẹ ṣe lè tún Hilux àtijọ́ fọ́ọ̀-wíìlì ṣe nílé: abẹ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Hilux tí mo fi ń lọ sóko yìí, abẹ́ igi káṣù ni mo ti bá a lọ́nà Ìṣẹ́yìn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wọlẹ̀, ewé ti jẹrà sínú bọ́ọ̀dì ẹ̀yìn ẹ̀, alángbá ti yé ẹyin sínú ilé air filter. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo gbé e délé ni pé mo gbé e fún páńẹ́bítà, ó lù ú, ó fi filler dí i, ó kùn ún ní funfun, ó ń dán bíi dígí, inú mi dùn débi pé mo ń pe àwọn ará àdúgbò kí wọ́n wá wò ó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀yìn ẹ̀, mo já sínú kòtò kan báyìí, mo gbọ́ "kẹ̀!" lábẹ́, ibi tí ṣásí ti di spring ẹ̀yìn mú ló já. Wẹ́dà jó o padà lóòótọ́, àmọ́ iná ẹ̀ ba ọ̀dà tuntun yẹn jẹ́ lápá ẹ̀yìn, owó ọ̀dà wọgbó. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá bi mí, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé abẹ́ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa gòkè bọ̀, ọ̀dà ló máa kẹ́yìn pátápátá. Bí mo ṣe tò ó sísàlẹ̀ yìí la ṣe tún ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe, a ò sì padà ṣe ibì kankan nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ tí mò ń sọ

LN106 ni. Hilux tí Toyota gbé jáde láti 1988 títí wọ 1997, èyí tó jẹ́ pé axle iwájú ẹ̀ (irin tó gbé táyà méjèèjì dúró) jẹ́ irin gbọọrọ kan ṣoṣo bíi ti ẹ̀yìn, tó sì jókòó sórí spring onípele. Ẹ́ńjìnnì 3L ló wà nínú ẹ̀, dísẹ́ẹ̀lì 2.8 (2,779 cc gangan), àwọn míì tó jọ ọ́ ní 2L tó jẹ́ 2.4. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kò sí pé ẹ ń wá ẹni tó máa scan ọkọ̀, sípánà, ojú tó ríran dáadáa àti sùúrù lẹ máa fi tún un ṣe. Spare part ẹ̀ wà ní Àràrọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, ó wà ní Ládípọ̀ ní Muṣin, tuntun àti tòkunbọ̀. Tó bá jẹ́ Land Cruiser àtijọ́ tí axle iwájú ẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ lẹ ní, ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ nípa iwájú máa bá tiyín mu.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Òòlù kékeré ni kẹ́ ẹ mú dání lọ. Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ máa kàn án mọ́ ṣásí láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì dáa á máa dún kọ́ńkọ́ń, èyí tó ti jẹrà á dún bọ̀ọ̀, bí ẹni ń lu páànù tó dùbúlẹ̀ sórí yanrìn, òòlù tiẹ̀ lè wọlé sínú ẹ̀ lójú yín. Ibi tó máa ń kọ́kọ́ jẹrà ni ibi tí hanger spring ẹ̀yìn ti mọ́ ṣásí, àti òkè axle ẹ̀yìn níbi tí ṣásí ti tẹ̀ gòkè, torí pé ẹrẹ̀ máa ń wọnú ẹ̀ jókòó, kò sì rí ibi jáde. Tẹ́ ẹ bá rí i tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú tuntun kun abẹ́ ọkọ̀ tó ti tó ọgbọ̀n ọdún, ẹ fara balẹ̀ dáadáa, ẹ fi ìṣó ha á.

Ẹ ka nọ́ńbà ṣásí tí wọ́n tẹ̀ sára irin, kẹ́ ẹ fi wé ti ìwé. Tí nọ́ńbà yẹn bá jọ èyí tí wọ́n fi fáìlì ha tàbí tí wọ́n jó irin lé, ẹ fi ọkọ̀ yẹn sílẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án nígbà tó ṣì tutù, ẹ má gbà kí wọ́n ti gbóná ẹ̀ dè yín. Èéfín dúdú díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ iná kì í ṣe àìsàn ńlá, ó lè jẹ́ air filter tàbí nozzle (ẹnu tó ń fín dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì). Èéfín tó ní àwọ̀ aró (búlúù) tí kò lọ, oil ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, top gasket tàbí top cylinder (orí ẹ́ńjìnnì) ni. Ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ti ń da oil sẹ́ńjìnnì nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ń ti ìdérí dànù, tó ń tú pùùpùù bí ìkòkò tó ń hó, ring piston ti lọ nìyẹn, owó ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ yọ kúrò nínú iye tẹ́ ẹ fẹ́ san.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí ilẹ̀ ti jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kẹ́ ẹ yí hub iwájú méjèèjì (kókó àárín táyà) sí LOCK, kẹ́ ẹ ki gíà kékeré sí H4 (fọ́ọ̀-wíìlì), kẹ́ ẹ wà á díẹ̀, kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ tún ki í sí L4 (fọ́ọ̀-wíìlì alágbára tó ń rìn jẹ́jẹ́). Ó gbọ́dọ̀ wọlé, kò sì gbọdọ̀ fò jáde fúnra ẹ̀.

Ibi iṣẹ́ àti irinṣẹ́

Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó tẹ́jú ló dáa jù. Tó bá jẹ́ iyẹ̀pẹ̀ ni, ẹ wá pákó tó nípọn tẹ́ sábẹ́ jáàkì. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré rárá: ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù ilé gbé e torí ó máa ń fọ́ láìsọ fúnni. Ẹ ra stand onírin mẹ́rin tó lágbára, kẹ́ ẹ fi òkúta há táyà tó kù nílẹ̀, kẹ́ ẹ tún ju rim kan sábẹ́ ṣásí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́.

Sípánà àti socket láti 8 dé 24, socket 54 fún nọ́ọ̀tì ńlá tó wà nínú hub iwájú (ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin àti òòlù lù ú fún yín, bó ṣe ń bàjẹ́ nìyẹn), òòlù bàbà, plier tí wọ́n fi ń ṣí snap ring, filing machine, búrọ́ọ̀ṣì onírin, mítà tó ń ka volt. Ẹ ra nylon kéékèèké àti máákà. Gbogbo bóòtù tẹ́ ẹ bá tú, inú nylon ni, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára, kẹ́ ẹ sì fi fóònù yà á kẹ́ ẹ tó tú u. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ẹ ò ní rántí èwo lèwo, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yà á.

Àkọ́kọ́: ṣásí

Ẹ fọ abẹ́ ẹ̀ tán pátápátá, pẹ̀lú kẹrosíìnì àti ọṣẹ, kẹ́ ẹ fi omi tó lágbára fọ inú ṣásí láti àwọn ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nínú tèmi, iyẹ̀pẹ̀ tó jáde tó garawa kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kẹ́ ẹ fi chalk yí gbogbo ibi tó jẹrà ká.

Tí wẹ́dà bá dé, ẹ tú orí bátìrì méjèèjì, ẹ yọ wáyà lẹ́yìn alternator, ẹ sọ táǹkì dísẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e jìnnà, ẹ sì gbé garawa omi àti iyanrìn sítòsí. Ẹ sọ fún un pé kó gé ibi tó jẹrà kúrò títí tó fi máa dé irin tó mọ́, kó má jó irin tuntun lé irin tó ti jẹrà lórí, torí irin tó jẹrà yẹn á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ lábẹ́ níbẹ̀. Irin tí ẹ fi lẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ nípọn tó ti ṣásí, kẹ́ ẹ sì gé orí àti ìdí ẹ̀ ní ṣóńṣó bíi dáyámọ́ńdì, kì í ṣe onígun mẹ́rin. Ìdí ẹ̀ ni pé tí ojú ìjórin bá dúró ṣánṣán láti òkè ṣásí dé ìsàlẹ̀, ojú ìlà yẹn náà ni ṣásí máa ti já lọ́jọ́ tí ẹrù bá wúwo. Ohun tó ṣe tèmi gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jó o, ó tún já lẹ́ẹ̀kejì ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n jó.

Lẹ́yìn náà, red oxide, lẹ́yìn ẹ̀ ọ̀dà dúdú tó lágbára. Fún inú ṣásí, mo máa ń fi pọ́ǹpù fín oil sínú ẹ̀ láti inú àwọn ihò yẹn, ó máa kán sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó má ṣáà ti kan rọ́bà àti bíréèkì.

Tẹ́ ẹ bá ti sọ spring kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ bush (rọ́bà ojú spring) àti pin shackle (irin tó so spring mọ́ ṣásí) gbogbo. Ẹ wo ewé spring lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti sán. U-bolt tuntun (bóòtù tó tẹ̀ bíi U, tó di spring mọ́ axle) ni kẹ́ ẹ fi dè é, èyí tó ti wà lára ẹ̀ ti fà, kò ní di nǹkan mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Bíréèkì àti ọwọ́ ọkọ̀

Ọkọ̀ tí kò tíì lè dúró, kí ló ń wá lójú títì? Gbogbo hose rọ́bà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má wo bó ṣe rí lójú. Páìpù irin tó ti dípẹtà náà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Drum ẹ̀yìn tó bá kọ̀ tí kò jáde, ó ní ihò méjì tó ní tírẹ́ẹ̀dì lójú ẹ̀, ẹ fi bóòtù 8 méjì wọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á ti ara ẹ̀ jáde láìfi òòlù fọ́ ọ. Eruku lining yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ẹ má fi afẹ́fẹ́ fọkanáísà fẹ́ ẹ, omi ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lé afẹ́fẹ́ jáde, táyà tó jìnnà jù sí master cylinder (ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì ti ń ti omi) lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ má gbàgbé valve kan tó wà lẹ́yìn nítòsí axle, tí irin kan so ó mọ́ axle, òun ló ń wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó kó tó pín agbára bíréèkì fún ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ máa ń há síbẹ̀. Omi bíréèkì náà máa ń jẹ ọ̀dà, ìdí kan nìyí tí ọ̀dà fi gbọ́dọ̀ kẹ́yìn.

Ní ti ọwọ́ ọkọ̀, ẹ ní kí ẹnì kan jókòó sínú ẹ̀ kó máa yí steering síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀díẹ̀, kẹ́yin máa wo gbogbo orí tie rod (ọ̀pá tó ń yí táyà) lábẹ́. Èyí tó bá ń mì kí táyà tó yí, ó ti kú.

Axle iwájú: ẹ fún un ní ọjọ́ méjì gbáko

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sá, ibí náà sì ni fọ́ọ̀-wíìlì wà. Lẹ́yìn táyà iwájú, ẹ máa rí bọ́ọ̀lù irin roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Inú ẹ̀ ni birfield wà, ìyẹn joint tó ń jẹ́ kí shaft máa yí bí táyà ṣe ń yà. Gíríìsì ló yẹ kó wà nínú bọ́ọ̀lù yẹn, oil sì yẹ kó wà nínú axle lọ́tọ̀, seal kan ló pààlà sáàárín wọn. Tí seal yẹn bá lọ, oil á ya wọlé, á yo gíríìsì. Nígbà tí mo tú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ti tèmi, ohun tó dà sínú agolo kì í ṣe gíríìsì mọ́, ńṣe ló dà bí ewédú tí omi ẹ̀ ti pọ̀ jù, dúdú kirikiri, ó ń fà yọ̀ọ̀, mo fi ìka méjì rà á, yanrìn ń ha mí lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Yanrìn yẹn ló ti ń lọ birfield láti ọdún mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá rí òróró dúdú tó ń ṣàn wá sínú rim láti ẹ̀yìn táyà iwájú, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ nìyẹn.

Bí mo ṣe ń tú u nìyí. Ọkọ̀ á wà lórí stand, mo yọ táyà, mo tú caliper, mo fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ spring kó má baà fi hose ara ẹ̀ rọ̀. Mo yí hub sí FREE, mo tú bóòtù mẹ́fà kéékèèké ojú ẹ̀, ìdérí á jáde. Snap ring wà lórí imú shaft, mo yọ ọ́. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà ló kù tó di hub mú, lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, washer onísóńsó kan há síbẹ̀. Àwọn washer yìí ló ń dààmú èèyàn. Ẹ má fi screwdriver yọ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀tì ṣì wà lẹ́nu stud díẹ̀ kó má baà bà á jẹ́, kẹ́ ẹ fi òòlù bàbà gbá ẹ̀gbẹ́ hub lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gidi lẹ́bàá ibẹ̀, "pá!", á fò jáde fúnra ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fò jáde fún mi, mo ti ń jà pẹ̀lú ẹ̀ fún wákàtí kan.

Lẹ́yìn hub, lock nut 54 ló kàn, washer kan wà tí wọ́n ká etí ẹ̀ lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ etí yẹn padà. Nọ́ọ̀tì kejì wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn hub àti disc á bọ́ sí yín lọ́wọ́ pẹ̀lú bearing, ẹ gbá a mú torí ó wúwo. Spindle (ọ̀pá oníhò tí hub jókòó lé) ló kù, bóòtù mẹ́jọ, ẹ fi òòlù rọ́bà kàn án títí á fi ṣí. Ẹ gbé agolo sábẹ́ kẹ́ ẹ tó fà á. Nígbà náà ẹ yí birfield títí ibi tó tẹ́ lára ẹ̀ á fi kọjú sókè, kẹ́ ẹ fa shaft jáde gbọọrọ, jẹ́jẹ́, kó má baà ha.

Ẹ fọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú kẹrosíìnì títí á fi mọ́ bí ṣíbí. Ẹ tẹ birfield sí ẹ̀gbẹ́ kan kẹ́ ẹ wo ojú ọ̀nà tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú ẹ̀ ń gbà: ibi tó ń dán kò burú, ihò wẹ́wẹ́ tàbí ìlà tó sán ni kò dáa. Knuckle (irin tó ń yà pẹ̀lú táyà) fúnra ẹ̀ jókòó sórí bearing méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, shim pẹlẹbẹ wà lábẹ́ wọn, ẹ má pa ti òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, ẹ so wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí i lára. Ẹ pààrọ̀ bearing mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti seal gbogbo, pẹ̀lú èyí tó dà bíi tìmùtìmù lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ńlá yẹn, òun ló ń nu ẹrẹ̀ kúrò bí táyà ṣe ń yà. Tí ojú bọ́ọ̀lù ńlá náà bá ti dípẹtà, ẹ fi sandpaper tó wẹ́ pẹ̀lú oil ha á títí á fi dán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gé seal tuntun láàárín oṣù kan.

Gíríìsì tó ní moly nínú ni kẹ́ ẹ lò fún birfield. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú ẹ̀ títí á fi yọ lódìkejì, kẹ́ ẹ wá kó gíríìsì sínú bọ́ọ̀lù ńlá yẹn tó bí mẹ́ta nínú mẹ́rin àyè ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá hub padà, ẹ fún nọ́ọ̀tì 54 àkọ́kọ́ dáadáa bẹ́ ẹ ṣe ń yí hub lọ yí hub bọ̀ kí bearing lè jókòó, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún fún un wẹ́rẹ́ títí hub ò fi ní mì mọ́ àmọ́ tó ṣì ń yí fálafàla, washer tuntun, lock nut, kẹ́ ẹ ká etí washer sí i. Mo máa ń gbé táyà padà sí i, kí n di òkè àti ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, kí n mì ín. Tó bá kan "tó", mo tún un ṣe.

Torí pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ oil axle méjèèjì, gíà àti transfer (àpótí gíà kékeré tó ń pín agbára fún iwájú àti ẹ̀yìn). Bóòtù ibi tí oil ń gbà wọlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí, kẹ́ ẹ tó tú ti ìsàlẹ̀, torí ẹni tó bá ti da oil nù tán kó tó mọ̀ pé ti òkè ti há, ọkọ̀ ẹ̀ ti dúró nìyẹn. Fún axle, GL-5 80W-90, ẹ máa rọ ọ́ títí á fi fẹ́ tú jáde lẹ́nu ihò. Tí oil tó jáde bá rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọlé, ohun tó fà á wà nísàlẹ̀ níbi tí mo ti sọ̀rọ̀ breather.

Ẹ́ńjìnnì

Timing belt ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ láìbéèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn. 100,000 kìlómítà ni wọ́n ní kó lò, tó bá sì já lẹ́nu iṣẹ́, valve àti piston á pàdé ara wọn. Ẹ pààrọ̀ tensioner pọ̀ mọ́ ọn, àti seal tó wà níbẹ̀.

Omi rédíétọ̀ ló tún ń pa wọ́n. Àwọn mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ thermostat (ohun tó ń ṣí ọ̀nà omi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná) jù dànù, wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná. Wọ́n yọ ti tèmi náà, ẹ́ńjìnnì sì ń gbóná síbẹ̀ nígbà tí ẹrù bá wà. Ìdí ẹ̀ ni pé thermostat inú ẹ́ńjìnnì yìí ń ṣiṣẹ́ méjì, bó ṣe ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀ ló ń pa ọ̀nà àbùjá dé. Tí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi á máa gba àbùjá, á máa yí ká inú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Top cylinder wọn ò sì gba ìgbóná rárá, ó máa ń sán láàárín valve. Ẹ fi thermostat tuntun sí i, ẹ sọ rédíétọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n ṣí i kí wọ́n fọ inú ẹ̀, ẹ pààrọ̀ gbogbo hose, kẹ́ ẹ da coolant sí i, kì í ṣe omi kànga. Láti mọ̀ bóyá top gasket ti bẹ́: ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ tan án, ẹ wo inú omi. Tó bá ń ta bóbó tí kò dáwọ́ dúró, ó ti bẹ́.

Ní ti dísẹ́ẹ̀lì, ẹ fọ táǹkì, ẹ pààrọ̀ filter, ẹ gbé nozzle fún àwọn tó ń calibrate. Tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù kò ní tan: ẹ tẹ pọ́ǹpù tó wà lórí filter títí á fi le, ẹ tú nọ́ọ̀tì 17 tó wà lórí nozzle kọ̀ọ̀kan díẹ̀, ẹ kíìkì í títí dísẹ́ẹ̀lì á fi tú jáde láìní ìfófòó, kẹ́ ẹ fún wọn padà. Ẹ má fi ọwọ́ dí ibi tó ń tú nítòsí nozzle o, agbára ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé. Tó bá ṣòro tan láàárọ̀ nìkan, heater plug (èyí tó ń mú inú cylinder gbóná kó tó tan) ni. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ ra tuntun torí volt wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ á jó láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Wáyà

Ọkọ̀ àtijọ́ gbogbo ni ríwáyà mẹ́wàá ti fọwọ́ kàn, oníkálukú ti gé, ti so, ti fi nylon wé e. Ẹ yọ gbogbo ohun tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ẹ tú wáyà ilẹ̀ láti bátìrì sí ẹ́ńjìnnì, láti ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, ẹ ha ibi tí wọ́n ti kàn án títí á fi dán, ìdajì ìṣòro iná máa lọ níbẹ̀. Bátìrì tó dáa tó ń sinmi máa ń ka bí 12.6 volt, tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.4.

Iná iwájú ẹ̀ máa ń ràn bí àtùpà torí wáyà tín-ín-rín ló ń gbé e láti bátìrì lọ sí switch kó tó padà wá. Ẹ fi relay (switch tó máa fa iná tààrà láti bátìrì) sí i. Bulb 60 watt méjì jẹ́ 120 watt, lórí 12 volt ìyẹn 10 amp, nítorí náà wáyà tó nípọn dáadáa àti fuse 15 nítòsí bátìrì. Ẹ má so ohunkóhun mọ́ bátìrì láìní fuse.

Bọ́dì àti ọ̀dà

Ó ti kàn án báyìí. Ẹ gé páànù tó jẹrà kúrò, kẹ́ ẹ jó tuntun sí i, filler fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni fún ojú ẹ̀ nìkan, kì í ṣe fún ihò. Ẹ la ihò omi ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ẹ fi àwọ̀ tó wà nínú ìwé ọkọ̀ kùn ún, tó bá jẹ́ àwọ̀ míì lẹ fẹ́, ẹ lọ ṣe àtúnṣe ìwé kẹ́ ẹ tó gbé e jáde kí ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà lójoojúmọ́.

Àwọn àfikún

Breather ni mo fi ṣáájú gbogbo ẹ̀, kò sì wọ́nwó. Axle kọ̀ọ̀kan ní imú kékeré kan tó fi ń mí. Tẹ́ ẹ bá ti rin ìrìn jíjìn, axle á gbóná, tẹ́ ẹ bá wá já sínú odò, á tutù lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á sún kì, á sì fa omi wọlé láti imú yẹn tàbí láti ẹnu seal. Ẹ so hose rọ́bà mọ́ imú yẹn, ẹ gbé e gòkè wá sínú bonnet, ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ fi filter kékeré dí i. Ẹ ṣe ti axle méjèèjì, gíà àti transfer.

Táyà 31x10.5R15 bá a mu, rim onístud mẹ́fà ni, 6x139.7. Àmọ́ ó ga ju 205R16 lọ, bí 79 sẹ̀ǹtímítà sí 73, nítorí náà tí kíláàkì bá ka 80, bí 86 lẹ̀ ń sá.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e ga, 2 inches tó. Spring tuntun ni kẹ́ ẹ fi gbé e, ẹ má to irin sórí spring iwájú láé, torí agbára bíréèkì lè ti irin yẹn jáde. Hose bíréèkì gbọ́dọ̀ gùn sí i, ẹ wo igun propeller (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí axle), ẹ sì tún irin tó ń mú valve ẹ̀yìn yẹn sọ́nà torí gíga yẹn á jẹ́ kó rò pé ọkọ̀ ò rù nǹkan kan. Drag link (ọ̀pá tó wá láti steering sí táyà) á dà gẹ̀rẹ́, tẹ́ ẹ bá wọ gálọ́ọ̀pù ọwọ́ ọkọ̀ lè máa fà fúnra ẹ̀, ohun tí mi ò fi gbé tèmi kọjá 2 inches nìyẹn.

Snorkel (páìpù tó gbé imú ẹ́ńjìnnì gòkè) dáa fún eruku Òkè-Ògùn ju fún omi lọ, torí afẹ́fẹ́ òkè mọ́. Tó bá jẹ́ torí odò ni, gbogbo ojú ìsopọ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ dí pinpin, omi ò ṣeé fún pọ̀ nínú cylinder, tó bá wọlé connecting rod ló máa tẹ̀.

Ìrìn àkọ́kọ́

Ẹ má ki H4 lójú títì tó gbẹ. Ọkọ̀ yìí ò ní diff àárín, táyà iwájú àti ẹ̀yìn kì í rin ìwọ̀n kan náà nígbà tẹ́ ẹ bá yà, gíà á máa há. Ilẹ̀ tó ń yọ̀ ni tiẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wọ ẹrẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ ti hub méjèèjì pa kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí táyà bá ti rì dé ìdajì.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má rìn jìnnà sílé. Láràárọ̀ ẹ wo ilẹ̀ ibi tó sùn: tó bá pupa díẹ̀ tó ń rùn, oil gíà ni, tó bá ń yọ̀ tó sì mọ́ bí omi, omi bíréèkì ni, ẹ má gbé e jáde. Lẹ́yìn 500 kìlómítà, ẹ padà wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú sípánà: gbogbo nọ́ọ̀tì U-bolt, ti shackle, ti propeller, ti táyà, kẹ́ ẹ mì táyà iwájú wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, nọ́ọ̀tì U-bolt mẹ́rin lára mẹ́jọ iwájú ló gbà kí n tún fún wọn tó bí ìlàjì yíyí.